Ọ́ìlì Tí Mo Pààrọ̀ Nínú Gíà Ọkọ̀ Yín

Bàbá wa, Ìbráhìm Ògúnsànyà, ọdún mẹ́ta pé lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko!

Mardiyah ọmọ yín ti di nọ́ọ̀sì. Ilé Ìkòròdú tí ẹ kò rí parí, a ti kan òrùlé rẹ̀. Òjò kò wọ yàrá Màmá mọ́. Màmá kò fi òwò ẹja sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ọjà la ṣì ń lọ sí ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, Píjò 504 yín la sì ń gbé lọ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín to gíà rẹ̀ pọ̀ lọ́dún tí a bí Mardiyah. Láti ìgbà náà, ẹ kò tú u mọ́. Ọ́ìlì rẹ̀ nìkan lẹ ń pààrọ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lẹ sì ń rọ sí i. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì, mo rò pé àṣìṣe àgbà ni. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìsìnkú yín, mo dà á nù, mo rọ ojúlówó ọ́ìlì gíà, tó ki bí oyin, sí i. Mo tilẹ̀ yin ara mi!

Kò pé ọdún kan tí gíà kejì fi ń dún bí ẹni ń fi eyín fọ́ òkúta. Festus, mẹkáníìkì wa ní Ipakodo, ní gíà ti kú, àfi ká tú u palẹ̀ ká tún un tò. Bàbá Hasanat tí ẹ jọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ẹ̀pẹ́ fi ìka kan ọ́ìlì náà, ó wò mí tòkè tilẹ̀: "Injiníà, ta ló ní kó o fún un lẹ́kọ? Omi ló ń mu!" Ó ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ní ká máa lò. Ẹ mọ̀. Ẹ mọ̀, Bàbá, ẹ kò sì sọ fún mi!

A ti dá ọ́ìlì yín padà. Ariwo náà dínkù, kò tán. Ibí ni ọkàn mi ti dàrú. Bí a kò bá tú gíà náà, gbogbo ìrìn àjò Ẹ̀pẹ́ ló ń lọ irin inú rẹ̀ kúnná. Bí a bá tú u, àwọn nọ́ọ̀tì tí ọwọ́ yín dè gbẹ̀yìn la ó tú. Èwo ni ìtọ́jú? Èwo ni ìbàjẹ́? Mo wo ìwé; ìwé kò mọ̀ yín. Mo bi Màmá. "Bó bá ń ké, jẹ́ kó máa ké. Ọdún mẹ́ta lèmi náà ti ń sunkún, ta ló tú mi palẹ̀?"

Nítorí náà, a kò tíì tú u. Mi ò mọ̀ bóyá ìfẹ́ nìyẹn tàbí agídí.

Inú ń bí mi sí yín, Bàbá. Mi ò ní fi pamọ́ lónìí. Ẹ kọ́ mi ní ìrun kíkí, ẹ kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, ẹ rán mi lọ kọ́ ẹ̀rọ lọ́dọ̀ àwọn àjèjì. Gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ọ́ìlì, ẹ kò sọ ọ́! Ṣé ẹ rò pé mo ti mọ̀ ni? Àbí ẹ ń retí kí n béèrè?

Mi ò béèrè.

Ẹni tí a kò bá fẹ́ràn, a kì í bínú sí i pẹ́ tó báyìí. Inú ṣì ń bí mi, Bàbá. Inú á ṣì máa bí mi lámọ́dún.

Dámiláre,
fún Màmá, Mardiyah àti gbogbo ilé Ògúnsànyà.