Lẹ́ẹ̀dì Tó Ń Dán

Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Keje 2025

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Bọ́dé, ìyàwó mi, ti kúrò ní ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ọ̀tún kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti kéré bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora. Kò lè gun àtẹ̀gùn, la bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀. Ìwé mi, tábìlì mi, àga mi, òkè ni gbogbo wọn wà. Èmi náà wà lókè pẹ̀lú wọn. Ó yẹ kí ojú tì mí láti kọ ìyẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé yìí kì í báni wí.

Ràbíátù tó ń tọ́jú rẹ̀ máa ń lọ ní aago méjìlá ọ̀sán. Lánàá, lẹ́yìn tó lọ, Bọ́dé pè mí. N kò gbọ́. Nígbà tí mo fi máa sọ̀kalẹ̀ ní aago mẹ́ta, ó ti tọ̀ sára, ó ń wo àjà. Mo ní kí ló dé tí kò tún pè. Ó ní, "Bàbá Fẹ́kọ́mi, mo ní ìwé lẹ ń kà."

Òfin tèmi ni. Bí Tíṣà bá ń kàwé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é. Ọdún kọkànlélógójì rèé. Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti lọ, wọ́n ti gbàgbé. Bọ́dé nìkan ni kò gbàgbé.

Fóònù? Ó ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀ bí ẹja.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Keje

Fẹ́kọ́mi pè láti Kánádà. Ó ní òun máa fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́, èyí tí àwọn òyìnbó fi ń gbọ́ ẹkún ọmọ jòjòló láti yàrá kejì. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní fisíìsì, kí n máa dúró de páálí láti Kánádà kí n tó gbọ́ ohùn ìyàwó mi? Máìkì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wáyà gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn gòkè. Áńpílífáyà kékeré àti sípíkà lórí tábìlì mi. Ó tán. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ — Etí.

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Keje

Alhaji Sàkàrìyáù, alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, gbọ́ nípa Etí. (Ràbíátù ni. Ẹnu ọmọ yẹn ò nílò áńpílífáyà.) Ó jókòó, ó tún agbádá gbé sí èjìká, ó wúkọ́ bíi pé gbogbo Alimọ́ṣọ́ ló ń dúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Tíṣà, orí lẹ́ẹ̀dì tí ẹ fi máa jó àwọn wáyà náà pọ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Lẹ́ẹ̀dì tí kò bá ní fàdákà nínú, ohùn ò lè já geere. Nígbà tí mo wà ní Jámánì . . ."

Ogójì ìṣẹ́jú ní Jámánì. Rédíò ilé rẹ̀ kò tíì sọ̀rọ̀ láti Iléyá èṣí. Láti òní lọ, Fàdákà ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí.

Ajé, 7 Oṣù Keje

Mo lọ sí Ìkọ̀tún, ní ṣọ́ọ̀bù Sìdíkátù tó ń tún rédíò àti sípíkà ṣe. Mo kọ́ ọ ní ilé ìwé. Máàkì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni mo fún un nínú ìdánwò fisíìsì rẹ̀ tó kẹ́yìn. Mo rò pé ó ti gbàgbé. Kò gbàgbé. Ó kúnlẹ̀ lójú àwọn oníbàárà: "Ẹ káàbọ̀, sà! Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yín rèé o!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ibi tí ẹ̀rín ti wá ni n kò mọ̀.

Ó tẹ́ lẹ́ẹ̀dì oríṣiríṣi sílẹ̀. Èyí tínínrín yìí, táńganran ọgọ́ta, òjé ogójì, gọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ kó dì mọ́ wáyà wà láàárín rẹ̀ bíi mùdùnmúdùn inú egungun. Èyí kejì kò ní òjé nínú rárá: "Ó dáa fún ẹni tó ń fa èéfín rẹ̀, sà, àmọ́ ooru tó ń fẹ́ pọ̀, áyọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń jó wáyà ò lè gbé e." Mo ní ti fàdákà ńkọ́. Ó wò mí. "Ta ló rán yín? Alhaji yẹn, àbí? Sà, ká lè gbọ́ ohùn ìyá tó ń béèrè omi, ọgọ́ta sí ogójì ti tó."

Mo ra ọgọ́ta sí ogójì. Mo ti ń lọ nígbà tó tún pè mí padà: "Ohun kan ṣá, sà. Ẹ má fi péésìtì àwọn tó ń jó rédíétọ̀ kàn án o. Ásíìdì ni. Irin mọ́tò nìkan ló lè gbà á." Mo ní mo ti mọ ásíìdì kí ìyá rẹ̀ tó mọ bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Keje

Wáyà tèlífóònù àtijọ́ ni mo ń lò, ó ti dúdú. Lẹ́ẹ̀dì Sìdíkátù ń yí gbirigbiri kúrò lórí rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò. Ó ti kìlọ̀ pé kí n kọ́kọ́ fi abẹ ha wáyà náà títí yóò fi pọ́n. Ojú mi ò rí wáyà, kí n tó wá sọ ti abẹ. Wákàtí méjì. Mo bú ẹni tó ṣe lẹ́ẹ̀dì, mo bú ẹni tó tà á.

Ràbíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé tó ń kọ́ ìrìn. "Bàbá, ọkọ mi, Ràímì, ní ìpara kan ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ìdímù. Rédíétọ̀ tó ti jẹrà pàápàá, tí wọ́n bá ti fi pa á, lẹ́ẹ̀dì máa mú un wáí."

Mo mọ ohun tí ìpara náà jẹ́. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà sọ lọ́la pé n kò mọ̀.

Mo ní kó mú un wá.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Keje

Inú agolo mílíìkì ló gbé e wá. Èéfín rẹ̀ ta mí lójú. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀dì sáré, ó tẹ́, ó dì mọ́ wáyà bí ẹni tó rí ẹbí. Ó ń dán. Mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀, kékeré, bí ojú kòkòrò.

Aago mẹ́rin ọ̀sán, Etí sọ̀rọ̀. Aago ara ògiri yàrá ìsàlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ — kọ́, kọ́, kọ́ — bíi pé orí tábìlì mi ló wà. Lẹ́yìn náà, ohùn kékeré: "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Omi bọ́ lójú mi. Èéfín ni.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo ní òfin àtijọ́ ti parẹ́, kó máa pè mí nígbàkigbà, ìwé yòówù kí n máa kà. Ó fi apá kan ẹnu rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin?"

Ẹtì, 11 Oṣù Keje

Ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Mo sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Orúnkún mi fẹ́ pè mí lẹ́jọ́.

Àìkú, 13 Oṣù Keje

Sìdíkátù wá kí Bọ́dé, ó mú ọsàn wá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo máìkì, ó sì gbóòórùn rẹ̀. Gbígbóòórùn! "Sà, kí lẹ fi jó eléyìí?"

Mo ní lẹ́ẹ̀dì.

"Ó dán jù, sà. Tèmi kì í dán báyìí lórí wáyà àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi sípíríìtì fọ̀ ọ́, kí n tún un jó. Kò ní pẹ́. Ásíìdì yẹn ò ní jáwọ́ o, ó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí wáyà á fi tán."

Níwájú ìyàwó mi. Níwájú Ràbíátù. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo sọ̀rọ̀ fún un nípa ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọgbọ́n ìwé àti ọgbọ́n ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ ọ́ pẹ́. Nígbà tí mo dákẹ́, mo gbọ́ ohùn ara mi, ó jọ ti Fàdákà.

"Ẹ má bínú, sà." Ó fi ìgò sípíríìtì kékeré sílẹ̀ lórí fèrèsé.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Keje

Òjò láti àárọ̀. Omi ti bo ọ̀nà Ìgàndó. Etí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣììì, bí epo tó fẹ́ gbóná. Ìrì ni.

Ẹtì, 18 Oṣù Keje

Ṣììì náà ti le sí i. Nígbà mìíràn á ṣe pà! bíi pé ẹnì kan ṣẹ́ igi. Mo rí nǹkan tútù kan, àwọ̀ ewé, lórí ojú ibi tí mo jó. Mo fi etí síńgílẹ́ẹ̀tì nù ún. Bọ́dé ń wò mí. "Ṣé kò bàjẹ́?" Mo ní kò bàjẹ́.

Àìkú, 20 Oṣù Keje

Ó tún hù.

Fàdákà gbọ́ ariwo náà láti ojúde. "Mo sọ fún yín, Tíṣà! Fàdákà!"

Ajé, 21 Oṣù Keje

Ìgò sípíríìtì ṣì wà lórí fèrèsé. Iṣẹ́ wákàtí kan péré ni. Ṣùgbọ́n abẹ yẹn, ojú mi ò gbé e. Àfi kí n pe Sìdíkátù. Àfi kí n sọ pé, "Sìdíkátù, ìwọ lo gba gbogbo máàkì." Mo gbé fóònù lẹ́ẹ̀mejì.

Ó di ọ̀la.

Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Keje

Ṣììì náà ti dáwọ́ dúró! Kò pẹ́ lẹ́yìn tí Ràbíátù lọ ni. Pà kan, ó sì parọ́rọ́. Ìrì ni lóòótọ́. Oòrùn yọ, ó sì gbẹ. Mo dúpẹ́ pé n kò pe ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn débi pé mo mú ìwé tí mo ti pa tì láti oṣù kẹta, mo sì kà á dé ojú ewé ọgọ́ta láìsí ìdíwọ́ kankan. Ó ti pẹ́ tí mo gbádùn ọ̀sán báyìí. Bọ́dé náà ń sinmi. Kò pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun tí kì í jẹ́ kí wákàtí kan kọjá. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún nìyí. Ilé pa rọ́rọ́. Bírò mi nìkan ni mò ń gbọ́ lórí ìwé.

Bírò mi nìkan.

N kò gbọ́ aago ara ògiri.

Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Keje

Ilẹ̀ ni mo bá a. Ife omi ló ń nawọ́ sí. Ilé ìwòsàn ló tún wà báyìí. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti tún ya sínú ọpọlọ rẹ̀. Ó ní bóyá ká ní a tètè gbé e dé. Ó bi mí ní aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè fún ìrànlọ́wọ́. Èmi ni wọ́n ń bi.

Mo tú máìkì lónìí. Mo mí sí i lásán, wáyà já. Ibi tó ti wọnú lẹ́ẹ̀dì ti di lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ ṣì ń dán. Sìdíkátù wà níbẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ì bá sọ ọ́ kí ara tù mí.

Nígbà tí mo gbé orí rẹ̀ lé itan lọ́jọ́ náà, Bọ́dé ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Kò bínú. Ó ń tù mí nínú ni, bí ẹni tó rí i pé ẹ̀rù ń bà mí. Ó ní, "Mo pè. Mo tún pè. Mo wá ní ìwé lẹ ń kà."

Òótọ́ ni.

Láti ìgbà náà, kò tíì pe ẹnikẹ́ni.