Bí Mo Ṣe Sọ̀rọ̀ Títí Ìpàdé Ìlú Wa Fi Parẹ́

Maribeth ọmọ mi,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìjókòó, kí o jókòó ire. Bó bá bá ọ lórí ìdúró, kí o dúró ire. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí yìnyín Boston yọ̀ ọ́ ṣubú. Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún. Ẹrẹ̀ ti gba ojú ọ̀nà wa bó ṣe máa ń ṣe lóṣù kẹta. Omi igi méépù tí a fi ń se ṣúgà kò sun dáadáa lọ́dún yìí, mi ò sì mọ̀ bóyá ayé ló ń gbóná ni àbí èmi ni mo lu ihò sára igi náà jù. Mo ń rò ó lójoojúmọ́.

Kí n tó gbàgbé, báǹkì tí o fi sínú fóònù mi kò mọ̀ mí mọ́. Mo fá irùngbọ̀n mi nítorí ìpàdé ìlú, nígbà tí mo wá gbé fóònù sójú, ó ní òun kò dá mi mọ̀. Mo ti kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n má bínú, ó yẹ kí n ti sọ fún wọn kí n tó fá a, mo sì fi fọ́tò ìgbéyàwó wa sínú rẹ̀, torí mi ò ní irùngbọ̀n nígbà náà. Wọn kò tíì fèsì.

Ọ̀rọ̀ tí mo jókòó kọ gan-an nìyí: ìpàdé ìlú wa ti parí. Kì í ṣe tọdún yìí nìkan ni mo ń wí, títí ayé ni. O mọ̀ pé kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi ni gbogbo abúlé ti ń jókòó sí gbọ̀ngàn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta, tí à ń jẹ ẹ̀wà àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, tí a sì ń nawọ́ sókè lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ilé ìwé. Lọ́dún yìí ni àwọn kan ní kí á fòpin sí i, kí kálukú máa ju ìwé sínú àpótí nígbà tó bá ráyè. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn èèyàn dí. Èmi gbà pé ẹni tó bá fẹ́ ná owó mi, kó wò mí lójú kó sọ ọ́. Ìjọba tí o kò lè rí ojú rẹ̀, kò ní pẹ́ tí òun náà kò fi ní rí tìrẹ. Ohun tí àwọn àgbà fi lélẹ̀, ká kọ́kọ́ bi ìdí rẹ̀ ká tó hú u.

Orrin Goss tó ń sin màlúù lókè odò ló wá bá mi. Ó ní Alden, ìwọ lo ń ka ìwé ìtàn láàárín wa, bá wa sọ̀rọ̀, àwa àgbẹ̀ á nawọ́ tì ọ́ lẹ́yìn. Ó ní kó má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mo ṣèlérí fún un.

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni Ìyáàfin Wheelock, alága ìpàdé, pè mí. Ìlú Áténì ayé àtijọ́, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń nawọ́ dìbò, ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí Róòmù kò lè yé èèyàn láìsí Áténì. Mo ti sọ̀rọ̀ díẹ̀ nígbà tí Orrin dìde tó dé fìlà rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ yòókù náà ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ló wọ̀ wọ́n lára. Mo sọ nínú ara mi pé Alden, wọn kò dìde fún ọ báyìí rí láti ọjọ́ tí o ti dáyé. Ni mo bá fi Róòmù kún un. Ìyá rẹ ń fa etí ẹ̀wù mi, mo rò pé orí rẹ̀ ló ń wú.

Maribeth, aago mẹ́rin ni wọ́n ń fún wàrà. Abúlé yìí ni wọ́n bí mi sí, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè sọ fún màlúù pé kó ní sùúrù. Mi ò kàn rántí ni. Nígbà tí mo fi máa jókòó, aago mẹ́rin ti kọjá dáadáa. Àwọn tó fẹ́ kí ìpàdé parẹ́ nawọ́, wọ́n jẹ́ mọ́kànlélógójì. Àwa tí a kò fẹ́ jẹ́ méjìdínlógójì. Àgbẹ̀ mọ́kànlá ló ti jáde.

Mo bẹ Orrin ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Ó bi mí pé Bàbá Prouty, ṣé àwọn màlúù òun ló ń bi mí ní ọ̀rọ̀ Áténì ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sóhun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, ṣùgbọ́n kò wá jókòó tì mí nídìí sítóòfù tí a fi ń yáná bó ti máa ń ṣe. Ìyá rẹ ní nínú gbogbo ìwé ìtàn tí mò ń kà sí òun létí, idà ni wọ́n fi ń wó ìlú, òun kò mọ̀ pé ẹnu ọkọ òun tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti rí ìwé ìdìbò tí a ó máa lò. Ó ní kí n kun róbótó kékeré kan. Kò sí ibi tí èèyàn lè kọ ìdí rẹ̀ sí. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ náà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Ìyáàfin Wheelock wá bá mi nínú ilé ọkọ̀ tí mo ti ń gbẹ́gi. Ó ní wọ́n nílò àpótí ìdìbò, pé kò sẹ́lòmíràn tó lè so igun pákó wọnú ara wọn láìlo ìṣó. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó. Bí mo bá kọ̀, wọ́n á ra oníke. Bàbá mi jókòó ní gbọ̀ngàn yẹn fún àádọ́ta ọdún, mi ò lè jẹ́ kí wọ́n gbé ike síbẹ̀. Mo ti ń ṣe é. Pákó igi ṣẹ́rì tí mo tọ́jú fún àpótí ìwé rẹ ni mo gé, jọ̀ọ́ forí jì mí. Mo fá a títí ó fi ń dán, mo gbẹ́ ihò tóóró sórí rẹ̀. Kò tíì sí ohun tí ọwọ́ mi ṣe tó dáa tó o, inú mi kò sì dùn sí i rárá.

Ó ku ìdérí rẹ̀. Bá mi wá híńjì idẹ méjì àti àgádágodo kékeré kan, tó nípọn, má ra èyí tí wọ́n kàn fi omi idẹ pa lára. Fi owó díẹ̀ tì í fún fáníìṣì, torí mo fẹ́ kó pẹ́ jù mí lọ.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ ní ìlú ńlá yẹn. Á fi ọ̀rọ̀ tó dáa sí ọ lẹ́nu, á fún ọ ní àwọn tó máa gbọ́ ọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kó jẹ́ kí o mọ ìgbà tó yẹ kí o jókòó.

Èmi ni bàbá rẹ,
Alden Prouty