Ọkọ̀ Ojú Omi tí Ọ̀gá Mi Fi Ta Àwọn Aláàánú Lọ́rẹ

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àìrí ọmọ yín sójú. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀yin àti Bàbá lórí pákó yàrá mi níbí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Bísí àti ọkọ rẹ̀ ní Igolo, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn ará Lagbé tó ń bá yín fọ epo lọ́dọọdún. Ara mi le. Bísí ní owó kékeré tí mo fi ránṣẹ́ fún orúnkún Bàbá ti dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rí i pé ilé ìwòsàn ni wọ́n lọ, kí wọ́n má fi ra ajílẹ̀.

Ìgbà tí ewé ń já la wà yìí ní Kẹ́bẹ́ẹ̀kì, nílẹ̀ òyìnbó níbí. Òtútù ti bo adágún tó wà níwájú àgọ́ ìsinmi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn àlejò sì ti lọ. Ó ku èmi, ọ̀gá mi tí a ń pè ní Mùsíyè, àti Róòsì, obìnrin ará Áítì tó ń se oúnjẹ. Ọjọ́ mìíràn wà tí n kì í gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni títí di ọ̀sán. Ìwé ni mo ń kà, mo sì ń kọ ohun tí ojú mi rí sílẹ̀. Ẹ ti máa ń sọ pé ìbéèrè mi pọ̀ jù. Ó ti wá pọ̀ sí i.

Iṣẹ́ mi nísinsìnyí ni kí n kó àwọn ọkọ̀ kúrò lórí omi kí yìnyín tó dé. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní pọ́ntọ́ọ̀nù. Ẹ fojú inú wo ìloro ilé tí wọ́n to àga yí ká, tí wọ́n wá gbé lé orí àgbá gígùn méjì. Afẹ́fẹ́ nìkan ló yẹ kó wà nínú àgbá náà. Òun ló ń jẹ́ kó léfòó. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, Mùsíyè sọ fún mi pé òun fẹ́ fi ọkọ̀ yìí ta ẹgbẹ́ aláàánú kan lọ́rẹ. Ẹgbẹ́ náà máa ń gbé àwọn arúgbó àti àwọn tí kò lè rìn lọ ṣeré lórí omi nígbà ooru.

Ìyá mi, ọkùnrin yìí máa ń gba ìṣó tó ti tẹ̀ padà lọ́wọ́ mi kó lè nà án. Kí ló dé tó fẹ́ fi odindi ọkọ̀ tọrẹ? Àwọn aláàánú yẹn ni mo kọ́kọ́ fura sí. Obìnrin kan níbẹ̀ pè wá. Kò béèrè bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́, kò béèrè ọdún tí ọkọ̀ ti lò. Fọ́tò àti pápíyé, ìyẹn àwọn ìwé ọkọ̀, nìkan ló fẹ́, ó sì ní àwọn yóò wá gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Igolo, tí ẹni tí n kò mọ̀ bá ní òun fẹ́ bá mi gbé ẹrù kọjá ẹnubodè lọ́fẹ̀ẹ́, orí ẹrù náà ni n ó jókòó lé. Róòsì rẹ́rìn-ín mi títí. Ó ní tí òun bá gbé oúnjẹ fún mi, abẹ́ àwo ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ó wá ṣàlàyé pé ìjọba máa ń dín owó orí kù fún ẹni tó bá tọrẹ, tí ẹgbẹ́ bá ti fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ìyẹn yé mi. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Mùsíyè ní kí n fa ọkọ̀ náà gòkè sórí koríko, kí n fọ̀ ọ́, kí n ya fọ́tò rẹ̀. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ni mo fi ìka gbá àgbá rẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń gbá bidọ́nù epo láti mọ ibi tí epo dé nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ta èyí tí kò kún fún yín. N kò tilẹ̀ rò ó kí ọwọ́ mi tó ṣe é. Àgbá ọ̀tún dún bí agogo. Ti òsì ò dún. Ó kàn dáhùn wúwo, bí ikùn ẹni tó ti yó.

Mo lọ sọ fún Mùsíyè. Ó ń mu kọfí. Ó ní òun mọ̀, pé láti ìgbà ìrúwé ni omi ti ń wọ inú rẹ̀, àti pé pápíyé ti sọ pé bí ọkọ̀ ṣe wà, tòun ti àbùkù rẹ̀, ni òun ṣe fi tọrẹ. Ó ní kí n ya fọ́tò náà láti apá ọ̀tún. Nígbà náà ni mo rántí pé láàárín ooru ló ti ní kí n má gbé àlejò sórí rẹ̀ mọ́, tó ní epo ti wọ́n jù. Mo rọra béèrè bóyá àwọn aláàánú mọ̀. Ó ní wọ́n ní mẹkáníìkì tiwọn. Lẹ́yìn náà ló sọ, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, pé àṣẹ iṣẹ́ mi yóò parí nígbà tí yìnyín bá yọ́ tán, àti pé òun ló máa buwọ́ lu tuntun.

Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé àṣẹ yẹn. Bí kò bá buwọ́ lù ú, ilé ni mo ń bọ̀. Ṣé ó ń halẹ̀ mọ́ mi ni, àbí ọ̀rọ̀ lásán ni? Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, mo kà á lákàtúnkà, n kò mọ èyí tí n ó mú. Mo ya fọ́tò náà láti apá ọ̀tún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbé e, Mùsíyè ti lọ sí ìlú. Obìnrin náà àti awakọ̀ rẹ̀ ló wá. Ó kó pápíyé lé mi lọ́wọ́ pé kí n fọwọ́ sí i pé wọ́n ti gbé ọkọ̀, ó sì bi mí bóyá gbogbo nǹkan wà dáadáa. N kò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ni yóò sọ ọ́. Mo kàn gbá àgbá ọ̀tún, mo gbá ti òsì, mo sì wò ó lójú. Ó rò pé bí a ṣe ń dágbére fún ọkọ̀ nílùú wa nìyẹn. Òun náà gbá a lẹ́ẹ̀mejì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní àṣà tó dára ni. Awakọ̀ ṣí fìlà.

Mo ti mú bírò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Àmọ́ mo rí àwòrán kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn lára mọ́tò wọn, mo sì ro irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ láàárín adágún, lórí ọkọ̀ tó ń fì sí apá kan. Mo mú sípánà, mo tú ìdérí kékeré tó wà nídìí àgbá òsì. Omi tú jáde sórí koríko. Awakọ̀ mu odindi sìgá tán, omi ò tíì dá. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún obìnrin náà. Ó ní àwọn yóò ṣì gbé e, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní wọ̀ ọ́ títí wọn yóò fi fi iná jó irin dí ibi tó ń jò. N kò gbà á gbọ́ tán. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí mo bú, ó sì kọ ọ́, ó buwọ́ lù ú. Ó béèrè bóyá èyí ò ní kó bá mi. Mo ní rárá. Irọ́ ni mo pa.

Nígbà tí Mùsíyè dé, èmi fúnra mi ni mo fi ìwé náà hàn án. Ó kà á, ó ká a, ó fi sápò, ó wá bi mí bóyá mo ti kó àwọn ọkọ̀ yòókù sábẹ́ òrùlé. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Kò bínú, kò sì mẹ́nu ba ìwé àṣẹ mi. Róòsì ní ó ti gbàgbé. N kò rò bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde nínú ìwé ìròyìn, kó má jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni ẹ kà á. Bí ẹ bá rí mi lẹ́nu ọ̀nà ní Ifangni pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, àwọn kan yóò ní mo jalè, àwọn kan yóò ní ọtí ni, àwọn mìíràn yóò ní obìnrin ló fà á. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ kà á fún wọn. N kò kábàámọ̀, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá mi, n ò sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀yin àti Bàbá sí fún wa. Kí epo ọdún yìí pọ̀, kí ilé tòrò. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà, àti gbogbo aládùúgbò tó ń béèrè mi.

Ọmọ yín,
Àkànní