Ẹ̀rọ tó Rí Ẹja Lórí Káńtà

Akọ̀wé mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọ̀gá tó bá sì pọ́n ọ lójú, ojú tiẹ̀ náà á pọ́n, kì í ṣe èpè o, àdúrà ni. Àwa náà wà. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan jọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ gan-an, ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ fún un.

Jẹ́ kó yé ọ pé bàbá rẹ ti di ọ̀gá gbogbo èbúté. Mo ti ra ẹ̀rọ alápapọ̀ yẹn, èyí tó ń fọ̀nà han ọkọ̀ tó sì tún ń wá ẹja nísàlẹ̀ omi, gbogbo apẹja ló ń pè mí ní ọ̀gá. Ó dáa, mi ò tíì rà á. Mo fọwọ́ kàn án ní ìsọ̀ ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì pè mí ní ọ̀gá, ó fẹ́ yá ìwọ̀ lọ́wọ́ mi ni.

Ìyá rẹ ló fà á. Ó ti gba kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì mi, ó ní títí ẹ̀rọ yẹn á fi wọnú ọkọ̀, ẹsẹ̀ mi ò ní kan omi mọ́ àfi ní balùwẹ̀. Nítorí kùrukùru òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo fi pẹ́ dé, ẹja ló sì dá mi dúró. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo jókòó sílé bí àga, àgbà apẹja tó ń bá wọn ṣa ẹ̀wà.

Ni mo bá gba ìsọ̀ lọ. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ tan ẹ̀rọ náà lórí káńtà, kò pẹ́ tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú ẹ̀, ńlá ńlá, ó sì kọ ọ́ pé omi jìn ní ẹsẹ̀ bàtà ogójì. Mo wo abẹ́ káńtà, sìmẹ́ńtì ni. Mo rọra sọ fún un létí pé kí wọ́n tètè gbẹ́ ilẹ̀ ìsọ̀ yẹn kí ẹlòmíràn tó gbọ́. Ó ní àwòrán ìdánwò lásán ni, pé ẹ̀rọ ò tíì sí nínú omi. Mo ní mo rí i pé kò sí nínú omi, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Méjì ló kó síwájú mi. Èyí ńlá fẹ̀ bí àwo oúnjẹ, ó wù mí, àmọ́ bátìrì tó máa gbé e á fẹ́rẹ̀ẹ́ ri ọkọ̀ mi. Ọmọ yẹn gbé méjèèjì síta sínú oòrùn. Nínú ti ńlá, ojú ara mi nìkan ni mo rí, inú mi ò sì dùn sí i. Ti kékeré hàn kedere. Ó ní kékeré tó ọkọ̀ mi, àwòrán odò ti wà nínú ẹ̀, nǹkan bíi ṣíbí ni wọ́n á dè mọ́dìí ọkọ̀ lábẹ́ omi, òun láá máa wá ẹja.

A fẹ́ẹ̀ jà nígbà tó ní kí n máa fi àmì síbi tí ẹja bá pọ̀. Ibi tí mi ò tíì fi han ìyá rẹ láti ọdún mẹ́rìnlélógójì! Ó ní nǹkan kan wà lójú ọ̀run tó ń rí ibi tí ọkọ̀ wà. Mo bi í bóyá àwọn ará ibẹ̀ máa ń pẹja. Ó ní rárá. Mo ní kó búra.

Ó wá béèrè èwo ni mo nílò jù, ọ̀nà ni àbí ẹja. Mo ní ẹja ni. Irọ́ ni mo pa.

Jọ̀ọ́, fi owó ẹ̀rọ kékeré náà ránṣẹ́, ìyá rẹ á sọ iye ẹ̀ lórí fóònù. Ibi tó o bá dojú kọ, ọ̀nà á là fún ọ. Ilé á máa rí ọ, ìwọ náà á máa rílé.

Lọ́jọ́ kùrukùru yẹn, mi ò pẹ́ nídìí ẹja. Mo ṣìnà ni. Lórí omi tí bàbá mi ti kọ́ mi láti kékeré, mi ò mọ ibi tí ilé wà mọ́. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo ń pariwo pe ìyá rẹ. Ó dúró létí omi, ó ń fi ṣíbí irin lu ìkòkò láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ìró yẹn ni mo tẹ̀ lé délé. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi.

Bàbá rẹ