Irin Tí Kò Dán Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Sí Ìbàdí Mi

Mùínàt, ọmọ mi àtàtà,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé dáadáa lo wà ní Èkó, ṣé iṣẹ́ irin tí ò ń ṣe ní yunifásítì ń lọ déédéé? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ilẹ̀ tó o tẹ̀ yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ara wa le ní Ìwó níbí, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, àfi ìbàdí mi nìkan tí ìwọ náà mọ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, èmi tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta tí mo sì ti ilé ìlagi kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn tó kàwé jáde, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń ra pákó.

Dókítà ti ya fọ́tò egungun mi. Kò jẹ́ kí n dé fìlà. Síbẹ̀ ó dára, mo ní kí káfíńtà bá mi fi férémù sí i, ó wà ní pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo yà ní Mẹ́kà. Àwọn àlejò ń béèrè ẹni tó jẹ́, mo ń sọ fún wọn pé èmi ni, apá inú.

Dókítà ní egungun orí itan mi ti gbó tán, àfi kí wọ́n fi irin títéníọ̀mù rọ́pò rẹ̀. Mi ò tètè gbà. Láti Ìléyá ni mo ti ń kírun lórí àga, iwájú orí mi ò kan ilẹ̀ mọ́, èyí sì ń dùn mí ju ìbàdí lọ, ṣùgbọ́n èèyàn bíi tèmi ò lè kàn jẹ́ kí wọ́n ki irin tí òun ò mọ̀ bọ òun lára. Ìdí nìyẹn tó o fi fi pẹlẹbẹ àpẹẹrẹ irin náà rán awakọ̀ sí mi pé kí n fọwọ́ kàn án.

Mo fọwọ́ kàn án. Kò dán rárá, ó rí bàìbàì bí eérú, ó ń ha mí lọ́wọ́ bí ahọ́n ológbò. Mo ní ṣé wọn ò mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi í sí lára ni. Mo gbé e lọ bá Mùrí wẹ́dà, ó fi ẹ̀rọ yún un títí mo fi ń rí eyín mi nínú rẹ̀. Ìyá rẹ ní bí wọ́n bá fún mi ní òṣùpá, màá ní kí Mùrí bá mi yún un.

Nígbà tí mo pè ọ́ láti ròyìn ayọ̀ yìí, o ní kí n tún un sọ, mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni, mo ń na fóònù sókè. Àfi ìgbà tó o ní ìwọ gan-an lo fi ẹ̀rọ fẹ́ yanrìn lù ú lára, tó o tún rì í sínú ásíìdì kó lè rí bẹ́ẹ̀, pé bí irin bá dán, egungun ò ní rí ibi dì mú, yóò kàn máa yọ̀ nínú itan ni. Ọ̀rọ̀ náà ta mí. Mo rán ọmọ lọ sí yunifásítì, iṣẹ́ tó kọ́ ni kó máa ba irin jẹ́.

Lọ́jọ́ Àlàmísì ni ìtì igi kan dé láti Ilé-Ogbó. Bí ayùn ṣe wọ inú rẹ̀ ni eyín ayùn kán. Irin ló wà nínú igi, irin kọnkéré yẹn tó ní kókó-kókó lára, ẹnì kan ti gbá a mọ́ ọn nígbà tí igi ṣì kéré, igi sì ti gbé e mì. Dípò kí n bínú, mo jókòó tì í, mò ń wò ó. Igi ti dàgbà wọ gbogbo ẹ̀gbẹ́ kókó irin náà. Àwọn òṣìṣẹ́ mi fà á títí, kò yọ. Mo sọ fún ara mi pé, Fàtáì, ohun tí ọmọ rẹ ń sọ nìyí.

Ibi tí kò tíì yé mi ni pé o ní irin náà ń fi afẹ́fẹ́ ṣe awọ bo ara rẹ̀, tí kì í fi í dípẹtà. Ṣé ó ń mí ni? Tí mo bá ń gbààwẹ̀, ṣé òun náà á máa gbà á, àbí wọ́n yọ̀ǹda fún un bí arìnrìn-àjò? Bá mi bi àwọn ọ̀gá rẹ.

Mo ti gbà. Sọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣe tèmi gbágungbàgun ju ti gbogbo èèyàn lọ, kó má jọ èyí tí wọ́n máa fi sí ẹnikẹ́ni ní Olúpọ̀nnà, owó kì í ṣe ìṣòro. Nípa owó náà, fi owó agbádá tuntun ránṣẹ́, kí àwọn dókítà lè mọ ẹni tí wọ́n ń bọ́ láṣọ, sì fi ti ayùn tó kán kún un. Má fi sínú fóònù bíi tìjọsí, mo ṣí ẹ̀yìn fóònù, mi ò bá a níbẹ̀. Fi rán awakọ̀.

Bí egungun mi yóò ṣe di irin yẹn mú tí ẹnikẹ́ni ò ní lè fà á yọ, bẹ́ẹ̀ ni ire yóò di ìwọ náà mú. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Alhaji Fàtáì Ọláníyọnu, onípákó.