Ẹ Dá Waheedat Padà Sídìí Òfì

Ilé Òfì Ládòkun,
Ẹ̀yìn Ọjà Àtijọ́,
Ìsẹ́yìn,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama,
Ẹ̀ka ti Òkè-Ògùn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ LÓRÍ KÍLÁÀSÌ ÌKỌ́ṢẸ́ ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́ TÓ NÍ Ọ́TÍSÍÌMÙ TÍ Ẹ TÌ PA NÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ GIRAMA ÌRÈTÍ-AYỌ̀, ÌSẸ́YÌN

Mo kí yín. Ìkíni náà kò ní gùn, nítorí ìkíni gan-an ló dá wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀.

1. Èmi ni Ràsáàkì Ládòkun. Aṣọ òfì ni mò ń hun. Iṣẹ́ tí baba mi ṣe nìyẹn, ọdún kẹtàlélógójì tí mo ti jókòó sídìí rẹ̀ sì nìyí. Èmi kì í ṣe òbí ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò sì bá a tan. Mo tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì yín má baà rò pé ẹkún òbí lásán ni, kó wá ti lẹ́tà mi sábẹ́ fáìlì. Òṣìṣẹ́ mi ni ẹ gbà lọ́wọ́ mi. Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ ni, mo sì fẹ́ kí ẹ dá a padà.

2. Waheedat Àyàndélé ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó wà ní ọdún kejì ní girama àgbà. Ó ní ohun tí àwọn olùkọ́ ń pè ní ọ́tísíìmù. Kí wọ́n tó là á yé wa, orúkọ tí àwa ará àdúgbò ń pè é kò ṣeé kọ sínú lẹ́tà. Ọmọ náà kì í wojú èèyàn. Ariwo òjijì máa ń dà á láàmú. Bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó ń ṣe nǹkan lọ́wọ́, kò ní dá yín lóhùn àfi tó bá parí nǹkan ọ̀hún. Bàbá rẹ̀ ń dáko iṣu lọ́nà Ìpàpó, ìyá rẹ̀, Fàtímọ̀, sì ń ta èlùbọ́. Wọ́n ti gbé e dé ibi tí wọ́n ní kí wọ́n gbé e dé àti ibi tí kò yẹ kí wọ́n gbé e dé, títí ó fi sú wọn.

3. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, olùkọ́bìnrin kan, Ọpẹ́olúwa Ìyápọ̀, bẹ̀rẹ̀ kíláàsì fún Waheedat àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà bíi tirẹ̀. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fọ yúnífọ́ọ̀mù tó ń mọ́, bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì tí kò ní jóná, bí wọ́n ṣe ń dá ọlọ́kadà dúró kí wọ́n sì sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ara wọn nígbà nǹkan oṣù. Ó kọ́ gbogbo wọn pé bí ẹni tí wọn kò mọ̀ bá fọwọ́ kan ara wọn, kí wọ́n sọ pé rárá, kí wọ́n sì sọ ọ́ sókè. Nígbà tí ọdún kan pé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n á ti máa kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ méjì-méjì láàárín ọ̀sẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ wá, mo sì lé e. Mo sọ fún un pé ilé òfì mi kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ó tún wá. Mo tún lé e. Ìgbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, Bàṣírátù ìyàwó mi ló gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, tó ní kí n fi oṣù kan wò ó ná.

4. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi kí n tó ka tiyín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ yìí wọlé, kò kúnlẹ̀, kò sì kí ẹnikẹ́ni. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo bi í bóyá inú igbó ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ó fọwọ́ di etí méjèèjì, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ kò bá mi jà, ó kàn ní kí n fún un ní òwú kó kà.

5. Ó ṣeé ṣe kí ẹ máà mọ iṣẹ́ wa, nítorí náà n ó ṣàlàyé. Kí a tó hun aṣọ, a ní láti to òwú ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye tó yẹ kó jẹ́. Bí òwú kan bá dín tàbí tó lé, ìlà aṣọ á wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i títí a ó fi hun ún jìnnà. Ìdí nìyẹn tí òfin fi wà nílé òfì wa, láti ayé baba mi, pé ẹni tó ń ka òwú kì í dáhùn ìkíni. Ìbáà jẹ́ baba tó bí i ló wọlé, ìka kan ni yóò nà sókè. Ẹni tó wọlé á rí i, á sì dúró. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kò lè pa òfin yìí mọ́. Muhydeen, tó ti lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ mi, bí fóònù rẹ̀ bá ti dún, ìṣirò ti bàjẹ́ nìyẹn. Waheedat kò ṣì í kà rí. Láti ọjọ́ tó ti dé títí di oṣù Kejì ọdún yìí, kò ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Láti kékeré ni wọ́n ti ń na ọmọ yìí nítorí pé kì í dáhùn. Ìdí òwú mi ni ibi àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ tí àìdáhùn ti jẹ́ ìwà ọmọlúàbí.

6. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì, alábẹ̀wò yín, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé, wọlé dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Kò fi tó wa létí tẹ́lẹ̀. Waheedat ń ka òwú aṣọ ìgbéyàwó kan tó ń lọ sí Òkèhò. Ọ̀gbẹ́ni náà kí i. Waheedat na ìka kan sókè. Ọ̀gbẹ́ni náà tún kí i. Ìka yẹn náà ló tún nà. Mo dìde, mo fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé òwú ló ń kà, kí wọ́n jọ̀ọ́ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé òun kò wá kọ́ ìwà lọ́dọ̀ ahunṣọ. Ó bá di ọmọ ọlọ́mọ mú ní àgbọ̀n, ó sì yí ojú rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

7. Waheedat kígbe pé "Rárá!" Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Ó gbá ọwọ́ ọkùnrin náà dànù, fìlà rẹ̀ jábọ́, òwú sì dà sílẹ̀. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ohun tí ìjọba ń sanwó fún olùkọ́ láti kọ́ ọ ló ṣe yẹn. Bó bá jẹ́ nínú ìdánwò ni, máàkì tó pé ni wọn ì bá fún un.

8. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yẹn kan náà ni ìwé yín dé, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé ló sì fọwọ́ sí i. Ìwé náà ní akẹ́kọ̀ọ́ náà jẹ́ aláìlẹ́kọ̀ọ́ àti oníjàgídíjàgan. Ó ní mò ń fi ọmọ ilé-ìwé ṣẹrú. Ó ní wọ́n ti ti kíláàsì náà pa, pé wọ́n ti gbé olùkọ́ lọ sí Òkákà, àti pé bí wọ́n bá tún bá akẹ́kọ̀ọ́ kankan nílé òfì mi, ọlọ́pàá ni yóò wá bá mi sọ ọ́. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tó ti sọ pé òun fọwọ́ kan ojú ọmọ. Ọ̀rọ̀ fìlà rẹ̀ tó bọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nítorí fìlà ẹnì kan, ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ méje! Ìgbà wo gan-an ni kíkọ́ ọmọ níṣẹ́ di oko ẹrú ní Ìsẹ́yìn? Mojeed, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, tó ti ń mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ táyà, inú yàrá ni wọ́n ń tì í mọ́ báyìí bí ìyá rẹ̀ bá ń lọ sóko. Ṣé ìyẹn ló dára lójú yín?

9. Mo kọ̀wé sí yín ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta. Mo tún kọ ní ọjọ́ keje oṣù Kẹrin. Ẹ kò fèsì. Mo wá sí ọ́fíìsì yín fúnra mi, wọ́n ní ọ̀gá kò sí lórí ìjókòó. Mo jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, mo sì rí àwo oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wọlé fún ọ̀gá tí kò sí. Ẹni tí a ní kó kín wa lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Inú ń bí mi, n kò sì ní fi pa mọ́.

10. Nǹkan tí ẹ kò mọ̀ nìyí. Kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe lè sọ fún Waheedat pé ìwé kan ti fòpin sí iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án, ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, aago mẹ́sàn-án ló sì ń dé. Ó wá nínú òjò. Ó wá nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi. Ìyá rẹ̀ gbìyànjú láti dá a dúró sílé, ọmọ náà ń forí gbá ògiri títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, ni wọ́n bá fi í sílẹ̀. Nítorí ìwé yín, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń dá a padà. Lọ́jọ́ kan, mo purọ́ fún un pé òwú ti tán. Ó wo òwú tó so rọ̀ lára ògiri, ó ní, "Òwú wà." Lọ́jọ́ mìíràn, mo sá pamọ́ sẹ́yìn ilé ara mi, èmi ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta.

11. Láàárọ̀ òní, ó bi mí ní ìbéèrè kan. Olùkọ́ rẹ̀ ló kọ́ wọn pé bí ọ̀gá bá dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́, kí ó má sunkún, kí ó bi ọ̀gá pé: "Kí ni mo bà jẹ́? Ẹ fi hàn mí kí n tún un ṣe." Ohun tó bi mí nìyẹn, tí kò wojú mi. Ó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, ó fa aṣọ kan tí mo sá síta mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka òwú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti etí dé etí, tó ń wá ibi tí òun ti ṣàṣìṣe. Ó kà á tán, kò rí nǹkan kan. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo wọlé lọ, mo sì sunkún.

12. Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín, mo sì ń sọ fún yín: ẹ ṣí kíláàsì náà padà. Ẹ dá Olùkọ́ Ọpẹ́olúwa padà sí Ìsẹ́yìn. Ẹ fa ìwé Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé ya, kí òun fúnra rẹ̀ sì wá sọ fún ọmọ náà pé kò ba ohunkóhun jẹ́. Kò ní gbà á lẹ́nu mi mọ́, nítorí mo ti purọ́ fún un.

13. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ogúnjọ́ oṣù yìí, yóò tún dé. N kò ní dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Yóò wọlé, yóò sì ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rán ọlọ́pàá, àdírẹ́sì mi wà lókè lẹ́tà yìí.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí ìbínú rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀,

Ràsáàkì Ládòkun,
Ọ̀gá Ahunṣọ, Ilé Òfì Ládòkun.