Oògùn Inú Àtíèkè

                                        Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí Kékeré,
                                        Williamsville, Adjamé,
                                        Abidjan.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Àrìmíyàù, ọ̀rẹ́ mi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi,

Ṣé ara yín le nílé? Ṣé Ganiatou ìyàwó rẹ ti bọ́ lọ́wọ́ òtútù tó dá a dùbúlẹ̀? Ṣé ọmọ ti ń rìn? Ìyá rẹ, Ìyá Àgbà wa, ńkọ́? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló mú mi kọ̀wé. Má dáhùn pé àlàáfíà ni, mi ò ní í gbà.

Mo pè ọ́ lórí fóònù, Ìyá Àgbà ló gbé e. Nígbà tí mo tún pè, ìyá mi jókòó tì mí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí mo lè sọ létí àwọn méjèèjì. Mo ní kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì fi lẹ́tà yìí lé ìwọ nìkan lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ọjà Roxy, ìyá mi ń di abọ́ fún oníbàárà kan, ni okùn bá bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ mú un, ọwọ́ ò gbé. Wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu ti wọ́ sí apá kan. Màmá Hàbíbà, tí ìsọ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá mi, ló figbe ta tí a fi gbé wọn dé ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ń jẹ́ Germaine. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ó gbọ́ èdè wa. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi, ó tún un wọ̀n.

"Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?"

"Mò ń lò ó."

Mo dá sí i pé èmi ni mò ń rà á, kò sí oṣù tí mo fò. Germaine ní, "Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ kọ́ ni mò ń wò yìí. Àbí ẹ fi ń bọ́ adìyẹ ni?"

Inú bí mi, mo fẹ́ dá a lóhùn. Ni Màmá Hàbíbà bá pariwo mọ́ ìyá mi: "Nímọ́tà, sọ fún wọn o! Bí o ò bá sọ, màá sọ. Ìdajì ń lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́!"

Àrìmíyàù, àtíèkè tí ìyá mi ń fi bọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí yín, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí ò ń jẹ tí ò ń pọ́nwọ́ lá yẹn, oògùn ìyá mi ló ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí Ìyá Àgbà ti sọ pé orí ń fọ́ wọn, pé òòyì ń kọ́ wọn, ni ìyá mi ti gbà pé àìsàn kan náà ni. Wọ́n á lo tiwọn lónìí, wọ́n á fò ó lọ́la, kó lè kárí. Ìyá Àgbà á lo èyí tó bá dé, bó bá tán, wọ́n á máa retí bọ́ọ̀sì.

Germaine ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sinmi. Àràárọ̀ ni, ní aago kan náà, kódà bí ara bá dá ṣáká. Ẹ̀jẹ̀ lè ru lọ́jọ́ tí wọ́n bá fò ó, kí ibì kankan má sì dùn wọ́n. Ó wá bi mí pé ta ló wọn ẹ̀jẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ta ló mọ̀ bóyá oògùn yẹn bá wọn lára mu.

A ti délé. Ẹnu ìyá mi ti ń padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ò tíì lè so ìró. Mo yọ oògùn kúrò nínú àtíèkè lójú wọn, mo ní kò sí èyí tó ń lọ mọ́. Wọ́n ní, "Ó dáa. Èmi náà ò lò mọ́." Ilẹ̀ mọ́, mo gbé oògùn wá, wọ́n kọ̀ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ta aṣọ ọrùn wọn kí n tó rówó ọkọ̀ wá síbí. Ṣé kí n máa gbé hóró kọ̀mpìrìmé mì, kí wọ́n máa wò mí?"

Mo sọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ sí ìyá. Wọn ò mira. Nígbà tí ọ̀sán fẹ́ pọ́n, ẹ̀rù bà mí, mo fi orúkọ rẹ búra. Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò bi ọ́. Mo ní lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì yìí bá dé, kí o tó tú àpò àtíèkè, wàá gbé ìyá rẹ lọ sí ọsibítù, wọ́n á sì fún wọn ní oògùn tiwọn. Ìyá mi gba oògùn lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Màá lò ó títí bọ́ọ̀sì yóò fi dé. Bí mi ò bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà, má bá mi sọ ọ̀rọ̀ oògùn mọ́." Wọ́n gbé e mì.

Mi ò bẹ̀ ọ́. Iṣẹ́ yòówù tí o bá ní lọ́jọ́ náà, fi í sílẹ̀. Bí Ìyá Àgbà bá ní ara àwọn le, sọ fún wọn pé àbúrò wọn ò lè so ìró. Ìyá mi ní Ìyá Àgbà ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Èmi ni mo ní kí o sọ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ sunkún, kí wọ́n sun ún nínú ọkọ̀. Mo fi owó díẹ̀ sínú lẹ́tà. Èyí tó bá kù, a jọ máa wá a. Kí Ganiatou máa dúró tì wọ́n láràárọ̀ títí wọn ó fi gbé e mì.

Bá mi kí i, bá mi kí gbogbo ilé. Bí o bá rí tíṣà wa ní abúlé, sọ fún wọn pé mo ṣì ń kọ̀wé tó ṣeé kà.

Bí ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ dókítà, kí Ìyá Àgbà pe ìyá mi fúnra wọn. Má bá wọn pè é. Ìyá mi ò ní í gba ohùn rẹ gbọ́, wọn ò sì gba tèmi gbọ́ mọ́.

Èmi tìrẹ, tí mo ti fi ọ́ búra,
Mustaqeem.